Ìbéèrè Yín, Èsì Mi: Àwòrán Tí Kò Ya Ènìyàn, Tí Kò Ya Ẹranko

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, àwòrán afòyemọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dá lé: èyí tí kì í ya ojú ènìyàn, tí kì í ya ilé tàbí igi, tó jẹ́ àwọ̀, ilà àti àpá ọwọ́ nìkan. Mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní iṣẹ́ ọnà káàkiri Èkìtì kí n tó fẹ̀yìn tì, irú àwòrán yìí gan-an ni mo sì ń kùn nínú ilé mi l'Adó títí di òní. Lẹ́tà márùn-ún ni mo mú. Èyí àkọ́kọ́ ni màá pẹ́ lórí rẹ̀ jù, nítorí ó kàn mí lọ́kàn.

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, ẹni ọdún 47. Mo rí i lórí fóònù pé àwọn kan máa ń di ojú, wọ́n á ní kí ẹ̀mí darí ọwọ́ àwọn, àwòrán wọn á sì dára. Mo ra kánfáàsì mẹ́rin, mo ra ọ̀dà, mo gbàdúrà, mo di ojú. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló di àwọ̀ ẹrẹ̀. Ọkọ mi bi mí pé kí ni mo dà sí i. Àbí mi ò ní ẹ̀bùn ni?* (Òṣìṣẹ́ ìjọba, Ìkọ̀lé-Èkìtì)

Àbúrò mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀, torí òun ló rọrùn, kò sì kan ẹ̀bùn rárá. Bí pupa bá pàdé àwọ̀ ewé nígbà tí méjèèjì ṣì tutù, àwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n máa bí. Bí búlúù bá pàdé àwọ̀ ọsàn, bákan náà ni. Bí ẹ bá wá kó gbogbo ọ̀dà inú páálí sójú kan náà tí ẹ ń fi ọwọ́ rà á, ẹrẹ̀ ò ní ṣàì dé. Àwọn baba wa pín àwọ̀ sí ìdílé mẹ́ta, funfun, pupa àti dúdú. Aró àti ewé tútù wà nílé dúdú, osùn àti epo wà nílé pupa. Ẹ mú ọ̀kan ṣoṣo nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ẹ kun èkíní, ẹ fi sílẹ̀ kó gbẹ kí ẹ tó kun èkejì lé e. Ọ̀dà akírílíkì tí ẹ bá kùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í gbà ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ, nígbà ọyẹ́ kì í tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ike omi méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi ọ̀kan fọ búrọ́ọ̀ṣì, ẹ má jẹ́ kí ìkejì dọ̀tí. Ẹrẹ̀ á lọ.

Èyí tó kù ni mo fẹ́ fi sùúrù bá yín sọ. Ẹ ti di ojú kí ojú tó jẹun.

Ọ̀rọ̀ méjì wà lédè wa tí mo máa ń kọ sójú pátákó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ táàmù, ojú inú àti ojú ọnà. Rowland Abíọ́dún, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Ọ̀wọ̀, ti kọ̀wé púpọ̀ lórí wọn. Ojú inú ló ń rí ohun tí nǹkan jẹ́ gan-an, ìwà rẹ̀ tó fara sin. Ojú ọnà ló mọ bí ohun tí a rí yẹn ṣe máa di iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí láti ìgbà tí mo ti ń kùn ni pé ojú òde ló ń pọn omi wá fún ojú inú. Bí ojú òde kò bá lọ sódò, kí ni ojú inú fẹ́ bù mu? Àwọn tí ẹ rí lórí fóònù tí wọ́n di ojú, ẹ kò rí ọdún tí wọ́n ti fi la ojú.

Ìsàn ni ìyá tó bí ìyá mi ti wá, amọ̀kòkò ni. Mo jókòó tì í nígbà ìsinmi púpọ̀. Á la amọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìkòkò àtijọ́, á máa yí i ká, nígbà tó bá sì tó àsìkò, á mú ṣùkù àgbàdo, á yí i lára ọrùn ìkòkò kí ilà lè jáde. Kì í wo ọwọ́ rẹ̀. Á máa bá wa sọ̀rọ̀, á máa dá àwọn oníbàárà lóhùn, ilà náà á sì tẹ̀ lé ara wọn yípo bí ìgbà tí ẹnì kan ń pè wọ́n lórúkọ. Mo rò nígbà yẹn pé ẹ̀bùn ni. Nígbà tí mo dàgbà ló tó yé mi pé ó ti wo ilà yẹn ní ìgbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó wò ó títí ojú fi gbé e fún ọwọ́.

Ìkẹ́rẹ́ ni ilé ọkọ mi. Láti ẹ̀yìnkùlé wa, Olósùnta ló dúró síwájú wa. Ọdún 14 ni mo fi ń sá aṣọ lábẹ́ àpáta yẹn láìrí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò alẹ́ inú oṣù kẹsàn-án, mo gbé abọ́ aṣọ jáde, mo gbé ojú sókè, mo sì dúró. Omi ń ṣàn láti orí rẹ̀ wá sílẹ̀, ilà dúdú gígùn-gígùn wà lára òkúta náà níbi tí omi máa ń gbà, kùrukùru sì bo àárín rẹ̀, bí ẹni pé orí àpáta ń léfòó. Ohun alààyè wínníwínní tó ń hù lójú ọ̀nà omi ló ń sọ ibẹ̀ di dúdú, mo ti kọ́ èyí nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà ni pé àpáta tí a ń pè ní ohun líle, omi ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kọ̀wé sí i lára.

N kò sáré lọ mú ọ̀dà. Mo lọ dúró níbẹ̀ lóròòwúrọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láìmú ìwé, láìmú fóònù. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ́ aṣọ kánfáàsì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún níbùú, mo po dúdú pẹ̀lú omi títí ó fi ṣàn bí omi ẹ̀kọ, mo gbé orí aṣọ náà sókè, mo sì jẹ́ kí ọ̀dà náà ṣàn wálẹ̀. Ọwọ́ mi mọ ibi tó yẹ kó dá a dúró. Ẹni tó bá wo àwòrán yẹn kò ní rí àpáta, àmọ́ obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ Ìkẹ́rẹ́ wọlé mi, ó wò ó, ó ní, “Òjò ti rọ̀ níbí.” Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún un.

Ẹ béèrè nípa ẹ̀mí. Mi ò lè sọ fún yín pé mo gbọ́ ohùn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé fún nǹkan bí wákàtí kan, obìnrin tó ń ṣírò owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, tó ń rántí ọ̀rọ̀ tí àna rẹ̀ sọ, kò sí nínú yàrá yẹn mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ni mò ń pè ní àdúrà. Kì í wá lójoojúmọ́, n kì í sì í fipá pè é.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí mo fún yín rèé. Ẹ yan ibì kan tó sún mọ́ yín, ìbáà jẹ́ odò, ìdí ìrókò tàbí ọgbà kòkó ẹ̀yìn ilé. Ẹ lọ síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ní ọjọ́ méje léraléra. Ẹ má ya fọ́tò. Bí àyè bá wà, ẹ lọ sí Ìkọ́gòsì lọ́jọ́ kan, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó pàdé. Ẹ ki ọwọ́ ọ̀tún bọ ọ̀kan, kí ẹ ki tòsì bọ ìkejì, kí ẹ dúró bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ, ẹ tẹ́ kánfáàsì, ẹ la ojú yín sílẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì bínú sí ọkọ yín. Kò tíì dé ibi tí ẹ dé ni. Ẹ mú un dání ní ọ̀kan nínú àwọn àárọ̀ náà.

*Màmá, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Mo fẹ́ kí àwòrán mi jẹ́ ti ilẹ̀ wa pátápátá, nítorí náà mi ò ra ọ̀dà. Mo po ilẹ̀ pupa àti osùn mọ́ epo pupa, mo fi kun pátákó. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta, kò gbẹ. Eruku àti kòkòrò ti lẹ̀ mọ́ ọn. Kí ni kí n ṣe?* (Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀yẹ́-Èkìtì)

Ọmọ mi, kò ní gbẹ láéláé. Òróró lińsíìdì tí àwọn ayàwòrán ń lò máa ń gba afẹ́fẹ́ sára, ó sì máa ń le bí awọ. Epo pupa kì í ṣe bẹ́ẹ̀, òrí náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ha èyí tó wà lórí pátákó kúrò, fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ọ́ dáadáa. Má kun akírílíkì lé e lórí bó ṣe wà, ńṣe ló máa bó.

Èrò rẹ dára gan-an, má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ní Ifẹ̀, lọ́dún 1989, Moyọ̀ Òkédìjí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Ọnà sílẹ̀ láti fi ọnà Yorùbá ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ òde òní, òun fúnra rẹ̀ sì fi ilẹ̀ kun àwòrán. Èmi náà ń lò ó. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: mo máa ń wa ilẹ̀ náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo máa ń sá a, mo máa ń gún un, mo sì máa ń fi aṣẹ́ jọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, màá dà á sínú àwo omi, màá rò ó, màá ka oókan dé ogún kí iyanrìn lè rọlẹ̀, màá wá da omi pupa tó wà lókè sínú àwo kejì. Títí di ọjọ́ kejì, ilẹ̀ tó kúnná á ti sùn sísàlẹ̀ àwo kejì. Da omi mímọ́ orí rẹ̀ nù, sá ilẹ̀ náà, kí o wá lọ̀ ọ́ lórí ọlọ. Ilẹ̀ Èkìtì á wá kúnná bí àtíkè.

Ohun tó máa dì í mú ni gúlúù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò. Po ṣíbí kan mọ́ ṣíbí omi kan, máa bu ilẹ̀ sí i títí ó fi ki bí ẹ̀kọ mímu. Kun díẹ̀ sórí páálí, jẹ́ kó gbẹ, fi ìka pa á. Bó bá yí ọ lọ́wọ́, gúlúù kò tó. Bó bá ń dán tó sì ń sán, gúlúù ti pọ̀ jù.

Irin tó ti dípẹtà ló sọ ilẹ̀ wa di pupa, ohun tó ti dípẹtà tán, oòrùn kì í rí nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, nítorí náà àwọ̀ rẹ̀ á pẹ́. Èédú náà á pẹ́. Osùn ni kí o ṣọ́, nítorí ìmọ́lẹ̀ máa ń jẹ ẹ́. Má gbé àwòrán olósùn kọ́ síbi tí oòrùn ti ń wọlé. Ẹfun sì máa ń ṣá nígbà tí gúlúù bá wọ inú rẹ̀, bí o bá fẹ́ funfun tó mọ́ lóòótọ́, ra ti ṣọ́ọ̀bù. Kò dín ilẹ̀ wa kù nínú àwòrán rẹ.

*Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ mi obìnrin jẹ́ ẹni ọdún 19. Yípo-yípo búlúù àti funfun ló máa ń kùn, àmì kékeré-kékeré á kún inú wọn. Á dákẹ́ pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ní ó máa ń “wá” ni. Alàgbà kan ní ìjọ wa ní ẹ̀mí àjèjì ni, kí a kó gbogbo rẹ̀ sun. Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo fi fọ́tò mẹ́ta ránṣẹ́.* (Ìyá ọlọ́mọ, Ìjerò-Èkìtì)

Ẹ má sun wọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sun wọ́n.

Mo gbé fọ́tò náà sójú fèrèsé, mo wò wọ́n pẹ́. Ẹ lọ gbé agbada omi kan síta nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀kán rẹ̀ ṣì ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ojú omi náà. Ohun tí mo rí nínú èkejì nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé èmi ni mo ṣì í rí. Ọmọ yín wà nílé, ẹ bi í. Ẹ má bi í pé “Kí lèyí?”, torí ohùn yẹn máa ń dún bí ẹjọ́. Ẹ sọ pé, “Sọ ibi tó ti wá fún mi.”

Ìgbàgbọ́ ni èmi náà, inú ìjọ ni wọ́n ti tọ́ mi. Èrò tó wà lọ́kàn alàgbà yín kì í ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Ọ̀yẹ́ tí kò jìnnà sí yín. Lọ́dún 1947, àwọn àlùfáà Kátólíìkì, Kevin Carroll wà lára wọn, dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n pe Bándélé, ọmọ Aréògún tó jẹ́ ọ̀gá agbẹ́gilére Òsì, wọ́n gba Lámídì Fákẹ́yẹ tó jẹ́ Mùsùlùmí. Ọwọ́ tí bàbá wọn fi gbẹ́ ère fún òrìṣà ni wọ́n ní kó wá gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ náà kò yí padà, ìlò ló yí padà.

Ọmọ yín kò sì dá wà. Obìnrin kan wà ní Sweden, Hilma af Klint, tí wọ́n bí lọ́dún 1862. Ó máa ń jókòó ṣàṣàrò pẹ̀lú àwọn obìnrin mẹ́rin mìíràn. Láti 1906 títí dé 1915, ó kun àwòrán 193 tó ní òun ń kùn fún tẹ́ḿpìlì, òbìrí, ìkarahun ìgbín àti òdòdó ló kún inú wọn. Ó kìlọ̀ kí wọ́n má fi wọ́n han aráyé títí ogún ọdún lẹ́yìn ikú òun, nítorí ó rí i pé àkókò kò tíì tó. Ó kú ní 1944. Lónìí, àwọn èèyàn ń wọkọ̀ òfúrufú lọ wò wọ́n.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n fa iṣẹ́ ọmọkùnrin kan ya níwájú gbogbo kíláàsì nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí. N kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà kò tún mú búrọ́ọ̀ṣì mọ́ títí ó fi jáde, n kò sì tíì dárí ji ara mi.

Nǹkan kan péré ni kí ẹ ṣọ́. Bí kò bá sùn mọ́, tí kò jẹun, tàbí tó ní ohùn kan ń halẹ̀ mọ́ òun, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kíá. Ọ̀rọ̀ ìlera nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó dákẹ́, tó kun àwọ̀ búlúù, tó sì dìde láti jẹ iyán, ẹ ra ọ̀dà sí i fún un.

*Ọmọ mi, mo ti di ẹni ọdún 74. Iṣẹ́ àwọn òyìnbó ni ẹ ń gbé lárugẹ. Olówè, agbẹ́gilére tí a bí ní ìlú wa, gbẹ́ ọba, ó gbẹ́ ẹṣin, ó gbẹ́ ìyá àti ọmọ. A mọ ohun tó gbẹ́. Èwo ni ti àwòrán tí a ò mọ orí, tí a ò mọ ìdí rẹ̀?* (Bàbá àgbà, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè)

Bàbá mi, ẹ kú àgbà o, mo kúnlẹ̀. Orúkọ Olówè tí ẹ dá dùn mọ́ mi, nítorí òun gan-an ni ẹlẹ́rìí mi. Ẹ rántí ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògógà ní Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ní Wembley, ní London, lọ́dún 1924, tó sì wà ní British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn níbẹ̀, títí dòní. Gbogbo ènìyàn ló ń wo ọba, òyìnbó àti àwọn aláàárù. Ẹ jẹ́ kí ojú yín kúrò lára wọn, kí ẹ wo ẹ̀yìn wọn. Ìlà ṣóńṣó, ìlà dábùú, àwọn tí kò ya ohun kankan, ni Olówè fi bo gbogbo ilẹ̀ pátákó yẹn, ó sì kùn wọ́n. Bí ẹ bá yọ wọ́n kúrò, ọba á dúró nínú òfìfo. Wọn kì í ṣe ohun tó fi dí àyè, àwọn ló ń mú ojú yín rìn.

Àwọn ìyá wa náà ńkọ́? Àwọn tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró, tí wọ́n sọ ọ̀kan ní Olókun, òmíràn ní Ìbàdàn dùn. Àwọn obìnrin tó ń kun ògiri ojúbọ ní Ilé-Ifẹ̀, tí òjò á fọ̀ ọ́ lọ, tí wọ́n á tún un kùn. Òyìnbó kò kọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Bàbá, bí ẹ bá ní aṣọ òkè àtijọ́ nínú àpótí, ẹ yọ ọ́ síta, ẹ tẹ́ ẹ sínú oòrùn, kí ẹ jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀. Ẹ wá kọ̀wé sí mi bóyá ẹ ò mọ orí àti ìdí rẹ̀.

*Báwo ni ẹ ṣe ń mọ̀ pé àwòrán ti parí?* (Láti Adó-Èkìtì)

Mo máa ń gbé e kojú sí ògiri fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo bá yí i padà, ibi tí ojú mi bá kọ́kọ́ sá lọ tó sì ń dùn mí ni mo máa ń tún ṣe. Bí kò bá sí ibi tó dùn mí, mo ti fọ búrọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Àwòrán Olósùnta tí mo sọ lókè yẹn ní ibì kan ní ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, tí ọ̀dà kò dé. Mo ti gbé búrọ́ọ̀ṣì lọ síbẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, mo rí i pé ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé sára àpáta náà. Aṣọ òfìfo ṣì ni níbẹ̀, ó wà lára ògiri yàrá mi.